Kíláàsì orí Zoom fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ara wọn léṣe: ẹ bá mi dá sí i

Àǹtí_Káńsẹ́lọ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Iṣẹ́ káńsẹ́lọ̀ ni mò ń ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì kan n'Íbàdàn níbí, ọdún kọkànlá rèé. Kò sí táàmù kan báyìí tí mi ò ní rí ọmọ méjì mẹ́ta tó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe ní kọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé á ní ọmọ ń ṣe bí ọmọ òyìnbó ni, àwọn míì á ní ayé ló ń ṣe é, kẹ́ ẹ tó mọ̀ wọ́n ti nà án mọ́ ọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó ti ọmọ yẹn tẹ́ ẹ ò pariwo, ohun tó máa sọ fún yín ni pé nǹkan kan máa ń ru sókè nínú òun, àyà òun á máa já, orí òun á gbóná, òun ò sì mọ nǹkan míì tóun lè ṣe kó rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, ewu pé ó lè gba ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú pọ̀ ju ti ẹni tí ò ṣe é rí lọ, torí náà mi ò lè fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré.

Nígbà họlidé tó kọjá àwọn ọmọ fọ́n ká, ọ̀kan wà n'Ílọrin, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ l'Ékòó, mo wá ní kí n má dáwọ́ dúró, mo gba àyè lọ́wọ́ àwọn òbí, mo kó ọmọ mẹ́sàn-án jọ sórí Zoom lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já tó bá ti pé ìṣẹ́jú 40, ibẹ̀ làwa náà máa ń parí sí. Nǹkan tí mo kọ́ wọn, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o, ó wá látinú ìtọ́jú ìdààmú ọkàn tí wọ́n ń pè ní DBT (Dialectical Behaviour Therapy), èyí tí Marsha Linehan ní Yunifásítì Washington ní Seattle gbé kalẹ̀, ìwé ẹ̀ lórí ẹ̀ jáde ní 1993. Ní 2011 ló tó wá sọ ọ́ ní gbangba pé òun náà ti wà nínú ìdààmú yìí nígbà tóun ń dàgbà, wọ́n tiẹ̀ dá òun dúró sí ọsibítù torí ẹ̀. Ìyẹn wọ̀ mí lára gan-an, pé ẹni tó jìyà ọ̀rọ̀ náà ló wá jókòó wá oògùn ẹ̀.

Apá kan wà nínú DBT tó jẹ́ ti ìgbà tí iná bá ti ràn, ìgbà téèyàn ò lè ronú já nǹkan kan mọ́, apá yẹn gan-an ni mo mú. Kò wà fún yíyanjú ìṣòro. Ó wà kéèyàn lè la ogún ìṣẹ́jú yẹn kọjá láìdá kún ohun tó wà nílẹ̀. Àwọn òbí kan ti ń bẹ̀ mí pé kí n tún ṣe é, kí n ṣí i fún àwọn ọmọ tí kì í ṣe ti ilé ìwé wa, kí n sì ṣe é lédè Yorùbá. Mo fẹ́ ṣe é, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun mà, Olúwa á máa fún yín lókun. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ìdààmú ọkàn ń bá jà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, a sì gbé kíláàsì wa lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà Kòfíìdì ní 2020, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú wa rí.

Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún ni kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó sí lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe àdírẹ́sì tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ kan ọmọ kan ń sunkún lójú kámẹ́rà, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ojú ẹ̀ ti pòórá, a pè é kò gbé e, a pe ilé ẹ̀ wọ́n ní kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀ láti ìjẹta. Wákàtí kan gbáko la fi wá a. Àṣé fóònù ẹ̀ ló kú. Látọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, á kọ́kọ́ fi mẹ́séèjì ránṣẹ́ sí wa: ibi tí mo wà rèé, àgbàlagbà tó wà nílé rèé, nọ́ńbà ẹ̀ rèé. Lọ́dọ̀ tiyín tí NEPA àti dátà ń já ọ̀rọ̀ mọ́ni lẹ́nu, mo rò pé ó tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ tàbí ọmọ ló lọ.

Ẹ má dá nìkan ṣe é. Ẹnì kan á máa kọ́ wọn, ẹnì kejì á máa wo ojú wọn, á máa ka nǹkan tí wọ́n bá kọ.

Òfin tó le jù lọ́dọ̀ wa ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ọgbẹ́ ẹ̀ tàbí ohun tó fi ṣe é. O lè sọ pé ọ̀sẹ̀ yìí le fún mi, o lè sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí mi, ó tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ràn láàárín àwọn ọmọdé bí iná ọyẹ́ mà, mi ò sọ àsọdùn. Èmi ò sì fara mọ́ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ pé kó fi rọ́bà ta ara ẹ̀ lọ́wọ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ lórí TikTok, ìrora ṣì ni, ara á kàn máa kọ́ ọ mọ́ra pé inú ìrora ni ìtura wà.

Ọgbọ́n kan wà nínú DBT, pé kéèyàn fi omi tútù sójú kí ara lè rọlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ẹni tí kì í jẹun dáadáa. Omi tútù lójú máa ń jẹ́ kí ọkàn lù jẹ́jẹ́, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìdí tí kì í fi í ṣe ti gbogbo èèyàn náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọn sọ̀rọ̀ sí i.

Ọmọ_Ẹ̀kìtì
Ẹ má bínú mà, mi ò wá ba iṣẹ́ yín jẹ́ o, àmọ́ tí mi ò bá sọ ọ́ ọkàn mi ò ní balẹ̀. Sàíkọ́lọ́jì ni mò ń kà. Ìwádìí ńlá kan wà lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí gẹ́lẹ́, Simon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, ó jáde nínú JAMA, ìwé ìwádìí àwọn dókítà, ní 2022. Àgbàlagbà 18,882, àwọn tó ti sọ fún ọsibítù wọn pé èrò ikú máa ń wá sáwọn lọ́kàn lemọ́lemọ́. Wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí mẹ́ta: àwọn kan ń bá ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn kan ní òṣìṣẹ́ tó ń tọpa wọn, àwọn kan ni wọ́n fi ẹ̀kọ́ DBT díẹ̀ lọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò ni wọ́n ń wò, kóòṣì sì ń fi mẹ́séèjì bá wọn sọ̀rọ̀. Láàárín oṣù 18, àwọn tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ̀ ló ṣe ara wọn léṣe jù. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe pé kò kàn ṣiṣẹ́, ó burú ju ti àwọn tí wọn ò fi nǹkan kan kún tiwọn.

Àwọn ìwádìí tí DBT ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀dọ́ wà lóòótọ́, ti Mehlum ní Norway ní 2014, ọ̀dọ́ 77, ọ̀sẹ̀ 19, ti McCauley ní Amẹ́ríkà ní 2018, ọ̀dọ́ 173. Àmọ́ odindi ìtọ́jú ni wọ́n fún àwọn yẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́jú tiẹ̀, òbí náà wọ kíláàsì, wọ́n lè pe olùtọ́jú tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Kíláàsì nìkan kọ́ ni.

Torí náà ìbéèrè mi ni pé kí ló dá yín lójú pé ti Zoom yín ò ní dà bíi ti àkọ́kọ́ yẹn?

Àǹtí_Káńsẹ́lọ̀
Ẹ ṣé. Àná ni mo ti ka nǹkan tẹ́ ẹ kọ, òní ni mo tó lè fèsì. Mo lọ wá ìwádìí náà kà fúnra mi, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ká sọ òótọ́, oorun ò kùn mí lálẹ́ àná, torí mo ti ń gbèrò láti ṣe fídíò kéékèèké sórí YouTube kí ẹnikẹ́ni lè máa wò ó nígbàkígbà, mo tiẹ̀ ti rekọ́ọ̀dù méjì.

Mo ti yọ ìyẹn kúrò nínú ètò. Kò dá mi lójú pé tiwa ò ní dà bíi tiwọn, mi ò sì ní purọ́ fẹ́nikẹ́ni pé ó dá mi lójú. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí wọ́n fi lọ̀ ni ò gbà á, àti pé ẹni tí ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu, tẹ́ ẹ bá fi fídíò ránṣẹ́ sí i, ó lè dà bíi pé ẹ ní kó lọ dá gbé e. Èrò tèmi nìyẹn o, ìwádìí yẹn fúnra ẹ̀ ò sọ ìdí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i.

Ọmọ_Ẹ̀gbá
Ọ̀rọ̀ tí àǹtí sọ yìí, pé bíi kéèyàn lọ dá gbé e, ló jẹ́ kí n dá sí i. Ìyá mi ṣiṣẹ́ ní Aro, ọsibítù ọpọlọ tó wà l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ rántí pé nígbà tí Dókítà Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbẹ̀ ní 1954, wọn ò ti aláìsàn mọ́lé. Abúlé tó wà nítòsí ni wọ́n ń gbé, lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, dandan sì ni kí aláìsàn mú ẹbí kan wá tí á máa gbọ́ oúnjẹ fún un, tí á máa bá a rìn lọ rìn bọ̀. Dókítà tó kàwé dé Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn o, ó padà sílé ó rí i pé abẹ́rẹ́ nìkan ò tó, èèyàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn.

Kí ló dé tí kíláàsì yín ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé, kó mú èèyàn kan wá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ìyá tàbí bàbá, torí nígbà míì àwọn gan-an ni ìdààmú ọ̀hún. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ aládùúgbò. Kí ẹni yẹn náà kọ́ ohun tí ọmọ ń kọ́, kí wọ́n jọ máa ṣe é nínú ilé lẹ́yìn tí Zoom bá já.

Àkànní22
Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn tẹ́ ẹ ń sọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà nínú ẹ̀, láti SS2 títí mo fi wọ pólì, ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mi ò ṣe é mọ́. Mi ò ní sọ nǹkan tí nọ́ọ̀sì ní ká má sọ, òótọ́ ni wọ́n sọ, èmi náà orí fóònù ni mo ti rí i kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan tẹ́nì kan ò sọ fún mi nígbà yẹn ni pé ó máa lọ. Tó bá dé, ó máa ń ṣe mí bíi pé báyìí ló máa rí títí ayé, àfi tí mo bá ṣe nǹkan sí i. Dókítà tí mo bá pàdé níkẹyìn ló ní kí n gbé aago síwájú, kí n má jà á, kí n má gbà fún un, kí n kàn máa wò ó. Ó ní ìgbì ni, á ga, á ga, á wá fọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Mo sunkún. Kì í ṣe pé inú mi dùn, mo kàn rí i pé ó lọ lóòótọ́ tí mi ò fọwọ́ kan ara mi.

Ti omi tútù, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì a ò ní yìnyín, píọ́ wọ́tà ni mo máa ń rà lọ́dọ̀ mọmí tó ń ta á lẹ́nu géètì, èyí tó bá tutù dáadáa, màá fi tawẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, màá tẹ orí ba, màá gbé e lé ojú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, màá sé èémí díẹ̀, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Àyà mi á rọ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ màá wá mí, màá fà á sínú ka ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin, màá tú u jáde ka ení dé ẹ̀fà. Títú jáde ló gbọ́dọ̀ pẹ́ ju fífà sínú.

Àmọ́ tí mo bá ní omi ló gbà mí mo purọ́. Ìyá àgbà mi ní Ìrágbìjí ni. Mi ò sọ nǹkan tó ń ṣe mí fún wọn tán, mo kàn ní ọkàn mi kì í balẹ̀ lóru. Wọ́n ní kí n gbé fóònù wá. Wọ́n ki mí, Àkànní, wọ́n ki gbogbo oríkì ilé wa látòkè délẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀, ẹ máa gbọ́ tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn wọn. Ó ṣì wà lórí fóònù mi dòní. Tó bá ti ń ru bọ̀, màá fi íafóònù sétí màá tẹ̀ ẹ́, orí mi á wú, màá rántí pé ọmọ ẹnì kan ni mí.

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Àkànní, Ọlọ́run á dá ẹ sí. Ohun tó o ṣe yẹn wà nínú ìwé Linehan, pé kéèyàn fi ojú, etí, imú, ahọ́n àti ara tu ara ẹ̀ nínú. Orin àti òórùn òdòdó làwa ń sọ fún àwọn ọmọ níbí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nílùú òyìnbó, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé oríkì ni tiwa.

Ìyá_Òṣogbo
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ọmọ mi obìnrin, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Àìkú ni mo rí apá ẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ bá a wẹ irun. Mo pariwo, mo gbá a létí, mo ní ṣé kí n kú ló fẹ́. Látọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Bàbá ẹ̀ ò tíì mọ̀. Ṣé kí n mú un wá sí kíláàsì yìí? Kí ni kí n ṣe lálẹ́ òní?

Nọ́ọ̀sì_Peckham
Mọmí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ̀rù ló bà yín, ìyá wo ni ò ní bà. Ẹ jẹ́ ká mú ti òní ná. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ ní "Mo pariwo torí ẹ̀rù bà mí, mo gbá ẹ, kò yẹ kí n gbá ẹ, má bínú." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Tí kò bá fèsì, ẹ má fipá mú un.

Kẹ́ ẹ sì bi í ní tààrà, lóhùn jẹ́jẹ́, bóyá ó máa ń ronú pé òun fẹ́ kú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu Yorùbá, ẹ máa rò pé ẹ ń fi kọ́ ọ ni. Kì í fi kọ́ ọmọ. Ọkàn ẹ̀ á kàn fúyẹ́ pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, pàápàá tó bá ti ń gbèrò bó ṣe máa ṣe é, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, òru òní ni ọsibítù, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ń kà á láti UK, Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ ẹni tí ọkàn ẹ̀ dàrú lórí fóònù, 116 123, lọ́fẹ̀ẹ́, tọ̀sán tòru, Amẹ́ríkà 988. Tó bá sì ní rárá, ẹ ṣì mú un lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yìí, UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ ọmọdé, Aro náà wà. Ẹ rọra kó ohun tó lè fi pa ara ẹ̀ lára kúrò nítòsí, òògùn inú ilé, òògùn kòkòrò, ẹ kó o sábẹ́ kọ́kọ́rọ́, láìṣe é bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ọsibítù, gbé jáde níbí ní 2022 sọ ọ́ gbangba pé ìjìyà kì í ṣe ìtọ́jú ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò sọ ọ́ láti bá yín wí mà.

Àkànní22
Mọmí, ìyá tèmi náà gbá mi létí lọ́jọ́ tí wọ́n mọ̀. Nǹkan tó dùn mí jù kì í ṣe ìgbátí náà, wọ́n ní "ikú yá ju ẹ̀sín lọ." Mo mọ̀ pé òwe ni, mo mọ̀ pé wọn ò ní in lọ́kàn, àmọ́ oṣù mẹ́fà ni mo fi ń gbọ́ ọ létí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ òbí níbí, ẹ jọ̀ọ́, òwe yẹn, ẹ má pa á fún ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ti gbọgbẹ́.

Alfa_Ìsẹ́yìn
Àsàlámù alékùmù. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń gbé irú àwọn ọmọ yìí wá bá wa, wọ́n á ní ká ṣe rúkíyà, ìyẹn kíka Kùránì lé aláìsàn lórí, àwọn míì á gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Èmi máa ń gbàdúrà, mi ò ní fi í sílẹ̀, àmọ́ láti bí ọdún méjì, tí mo bá parí màá ní ẹ gbé e lọ ọsibítù, èmi náà á sì pè lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta láti mọ̀ bóyá wọ́n lọ.

Ìbéèrè mi fún àǹtí, mo gbọ́ pé nínú ẹ̀kọ́ yìí wọ́n máa ń ní kéèyàn gba nǹkan bó ṣe rí. Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ ní Yorùbá? Torí tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ tí wọ́n fi ìyà jẹ pé kó gba kádàrá, ẹ ti ba nǹkan jẹ́.

Àǹtí_Káńsẹ́lọ̀
Alfa, ẹ ti tọwọ́ bọ ibi tó ń ro mí gan-an. Lọ́sẹ̀ kẹrin, bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn, mo ní "ẹ gbà á," ọmọ kan tí bàbá ẹ̀ já sílẹ̀ pa kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àǹtí, ẹ ní kí n gbà pé ohun tí wọ́n ṣe fún mi dáa." Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ ni pé kéèyàn má fi agbára ẹ̀ bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ jà bíi pé kò ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé ohun tó ṣẹlẹ̀ tọ́. Mo wá òwe fún un títí, èyí tí mo rí ni "omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo mọ̀ pé ẹni tí ọmọ kú fún la máa ń sọ ọ́ fún, ó wúwo, torí náà màá kọ́kọ́ ṣàlàyé. Àmọ́ ó sọ méjèèjì pọ̀: omi dànù lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò ní kó o sẹ́ ẹ, agbè ṣì wà lọ́wọ́ ẹ.

Àwọn tó kù rọrùn. Ti ìdádúró kó tó ṣe nǹkan kan, a máa ń ní "Dúró. Fà sẹ́yìn. Wo ọ̀tún, wo òsì. Wá rọra gbé ẹsẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti sọ ọ́ dorin.

Ọmọ_Ẹ̀kìtì
Èyí dáa gan-an. Ó rán mi létí Friendship Bench ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Harare ní 2006, àwọn ìyá àgbà ni wọ́n kọ́, wọ́n á jókòó pẹ̀lú èèyàn lórí bẹ́ńṣì nínú ọgbà kílíníìkì. Wọn ò pe àìsàn náà lórúkọ òyìnbó, "kufungisisa" ni wọ́n ń pè é ní Shona, ìyẹn ríronú jù. Kò sí ìyá àgbà Yorùbá tí ò mọ ohun tí ìrònú ń ṣe fún ọmọ aráyé. Torí náà àbá Ọmọ Ẹ̀gbá yẹn, èmi fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kí alábàárìn wà.

Lọ́yà_Àkúrẹ́
Kí n sọ tèmi ní kúkúrú. Abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní apá Gúúsù sọ pé ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà fún ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀. Ní Èkó, láti 2011, ọsibítù ni ilé ẹjọ́ máa ní kí wọ́n gbé e lọ. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023 rọ́pò òfin wèrè ti 1958, àmọ́ kò pa 327 rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtilọ sí ọsibítù. Ìwọ̀nba tí mo fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ má rekọ́ọ̀dù kíláàsì náà, kẹ́ ẹ má kọ orúkọ ọmọ sínú WhatsApp, kẹ́ ẹ gba ìwé àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 18. Òfin ààbò dátà ti 2023 ò fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré.

Àǹtí_Káńsẹ́lọ̀
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bó ṣe máa rí báyìí nìyí. Ọmọ méjìlá péré, kò ní jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí èrò ikú bá ń wá sí lọ́kàn lọ́wọ́, ọsibítù ni màá kọ́kọ́ bá a wá, tí dókítà bá ní ó lè wá, á wá, màá sì ní nọ́ńbà dókítà náà lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ ti gbà láti jẹ́ ẹnì kejì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú alábàárìn kan wá. A ò ní ṣe fídíò. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n kan ṣoṣo, ìgbà tára bá balẹ̀ la máa fi dán an wò lójoojúmọ́, torí ẹni tí ò tíì mọ omi wẹ̀ rí, ọjọ́ tí odò kún kọ́ ló ń kọ́ ọ. Tí dátà ẹnì kan bá tán, a ó pè é lórí fóònù lásán lọ́jọ́ náà, kò ní di ọ̀la. Ọ̀sẹ̀ kejìlá tá a bá parí, màá padà wá síbí wá sọ bó ṣe lọ, ì báà dáa, ì báà má dáa.

Ìyá_Òṣogbo
Ẹ kú àìsùn mi o. Mo bẹ ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n ṣe, kò dáhùn. Ní ìdájí ló wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bi í ní ìbéèrè yẹn, ẹnu mi ń gbọ̀n, ó ní rárá, ó ní ó kàn máa ń rẹ òun ni. A lọ rí dókítà lọ́jọ́ Tuesday, wọ́n bá òun nìkan sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, wọ́n bá èmi náà sọ̀rọ̀, a máa padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní ó lè wá sí kíláàsì yín, wọ́n fún mi ní ìwé. Mo ti sọ fún bàbá ẹ̀. Kò pariwo, ó jáde síta, ó pẹ́ níta.

Ọmọ ní òun ò fẹ́ èmi tàbí bàbá òun ní alábàárìn, ó ní ìyá mi lóun fẹ́. Ìyá mi ò mọ Zoom rárá.

Àǹtí_Káńsẹ́lọ̀
Mọmí, kò séwu. Kí wọ́n jọ jókòó síwájú fóònù kan náà. Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ bá mi fi píọ́ wọ́tà méjì sínú fíríìjì láti àárọ̀, ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún ìyá àgbà. Kí ìyá àgbà kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà wọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kí wọ́n tó gbé tiwọn sójú o, tí dókítà bá ní kí wọ́n má ṣe é, kí wọ́n kàn bá a dì í mú.